Òjò tó Sé Wa Mọ́lé

Àpótí ọmọbìnrin náà wúwo ju ti àbúrò rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Awakọ̀ tó gbé wọn dé láti Ìkẹjà sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìbàdàn, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó sì bi mí bóyá òkúta ni wọ́n kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ni. Nígbà tí mo ṣí i lálẹ́ láti wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, aṣọ mẹ́rin péré ni mo bá nínú rẹ̀, ìwé mẹ́tàdínlógún. Dírágónì, ọkọ̀ ojú òfurufú, ìlú tó léfòó nínú ìkùukùu: àwòrán tó wà lẹ́yìn wọn nìyẹn.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Obìnrin ni àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọkùnrin ni èyí àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn wá lo sọ́mà lọ́dọ̀ Màmá Àgbà ni. Màmá bi mí pé kí ni sọ́mà. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa nílé-ìwé. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n wo sánmà tó ṣú bọlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀ẹ̀rùn wo? Nínú oṣù keje?”

Òjò ọdún náà kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi. Nínú oṣù kẹjọ, a máa ń retí kí òjò ńlá dáwọ́ dúró díẹ̀, kí ó ku òtútù àti wínníwínní, kí èèyàn lè sá aṣọ kó sì gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàrá gbé afárá kékeré tó wà níwájú ilé wa lọ, ọ̀nà di ẹrẹ̀, tiránsífọ́mà àdúgbò sì jóná lọ́jọ́ kẹrin tí àwọn ọmọ náà dé. Fóònù kú. Tẹlifíṣọ̀n kú. Ìwé mẹ́tàdínlógún nìkan ló kù.

Ọmọbìnrin náà ń ka ìwé bí ẹni tó ń sá fún nǹkan. Á ká ẹsẹ̀ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Tó bá ka ọ̀kan tán, á pa á dé, á nawọ́ mú òmíràn, bí ẹni pé ẹni tó kú nínú ti àkọ́kọ́ kò kú. Mo mọ irú kíkà bẹ́ẹ̀. Bí èmi náà ṣe kà nígbà tí mo wà ní girama nìyẹn, lábẹ́ tábìlì, lábẹ́ aṣọ ìbora, títí olùkọ́ kan fi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi lójú gbogbo kíláàsì. Ó ní irọ́ ni mò ń kà, pé ọmọ tó bá fẹ́ yege kì í fi ojú rẹ̀ ka irọ́. Kò dá a padà. Ìwé tó gbà kọ́ ló dùn mí jù. Ó ku ojú ewé bíi ogún kí n parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè bi pé báwo ló ṣe parí, nítorí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń kà á. Ó pẹ́ gan-an kí n tó tún ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Màmá ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yìí. Wọ́n jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń ya àgbàdo sínú abọ́, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wà nínú ìwé yẹn tí o ò fi rí wa mọ́?”

Ọmọ náà gbójú sókè. “Kò sí nǹkan, Màmá Àgbà. Ìtàn ni.”

Màmá dáwọ́ àgbàdo dúró. “Ṣé ìtàn ni kò sí nǹkan?”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé òfin kalẹ̀. Ẹni tó bá kàwé lọ́sàn-án yóò pa á fún gbogbo ilé lálẹ́, bí àlọ́, yóò sì pa á ní Yorùbá. Ọmọ náà ní Yorùbá òun kò tó. Màmá ní ti àwọn tó. Níbi tí tirẹ̀ bá ti tán, kó dúró, àwọn á bá a wá ọ̀rọ̀. Wọ́n tan àtùpà sáàárín pálọ̀. Wọ́n sì ní tó bá parí, kó fi agogo ẹnu rẹ̀ jẹ́rìí bí gbogbo apàlọ́ ti ń ṣe: tí agogo bá ró lẹ́ẹ̀mẹta, a jẹ́ pé kò purọ́.

Ìtàn tí H. G. Wells tẹ̀ jáde ní 1898 ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ mú wá, èyí tí àwọn ará Máàsì ti kógun wá ja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pápá kan tó ń jẹ́ Horsell, lẹ́bàá ìlú Woking, ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí. Bàbá ọmọ náà ti fi ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Woking rí. Wọ́n gbé ère irin kan kalẹ̀ láàárín ìlú náà ní 1998, tó jẹ́ àwòrán ẹ̀rọ ogun àwọn ará Máàsì, ó sì ga ní mítà méje. Ọmọ náà dìde kí ó fi bí ẹ̀rọ náà ṣe rí hàn wá. Ó na apá, ó la ẹsẹ̀, ó ní, “Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gùn, orí rẹ̀ wà lókè, ó wá ń…” Ọ̀rọ̀ tán.

“Ààrò,” ni Màmá wí.

A wo ara wa.

“Ààrò mẹ́ta tó dìde tòun ti ìkòkò lórí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.”

Ọmọ náà pariwo. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò lè ronú kan ogun náà kí n má rí ààrò ẹ̀yìnkùlé wa tó ń gba orí páànù kọjá lọ sí Mọ́kọ́lá, tí iná ń yọ lábẹ́ ìkòkò dúdú tó gbé sórí. Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ náà kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ààrò tèmi ni, mo mọ bó ṣe ń gbóná.

Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìsinmi náà. Ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń lọ sí ọ̀la tó sì fi ń padà sí àná, Màmá pè é ní ọkọ̀ ọjọ́. Nígbà tó kan róbọ́ọ̀tì, ọmọkùnrin náà ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí èèyàn ni. Màmá ní kí ló ń ṣe gan-an? Ó ní ó ń gbálẹ̀, ó ń gbẹ́rù, ó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, kì í rẹ̀ ẹ́, wọn kì í sanwó fún un. Màmá ní, “Ẹrú onírin nìyẹn.” Ara mi bù máṣọ. Karel Čapek, ará Czech, ló mú ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì wá sáyé nínú eré kan tó kọ ní 1920, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ ipá ní èdè wọn ló sì ti fà á yọ. Màmá kò mọ Čapek. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìtàn náà dáadáa, wọ́n sì dé ibi tí òun náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà náà: Čapek kọ́ ló ronú kan ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Josef, tó jẹ́ ayàwòrán, ló bi léèrè, ẹ̀gbọ́n náà ló sì fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Wells. Níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Frank, ti jọ ń rìn ní agbègbè Surrey ni ẹ̀gbọ́n náà ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé, ká ní àwọn ará ayé mìíràn ṣàdédé bọ́ láti ojú sánmà sí ibí yìí ńkọ́? Frank ni Wells ya ìwé náà sí. A máa ń ya àwòrán òǹkọ̀wé bí ẹni tó dá jókòó sínú yàrá. Lójú tèmi, ó kéré tán, ẹni méjì ló máa ń wà níbẹ̀.

Nígbà tí ogun náà le, tí Lọ́ńdọ̀nù ń sá, Màmá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́nu. “Kí ni wọ́n wá ṣe gan-an?”

“Ayé tiwọn ti ń di òtútù, Màmá Àgbà. Tiwa ni wọ́n fẹ́.”

“Ohun ìjà wọn sì ju ti onílé lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Màmá mirí, wọ́n ní, “Ìyẹn kì í ṣe àlọ́.” Wells gan-an kò fi pa mọ́. Ní orí kìn-ín-ní ìwé náà ló ti rán àwọn èèyàn rẹ̀ létí bí àwọn ará Yúróòpù ṣe gbógun ìparun ti àwọn ọmọ ilẹ̀ Tasmania. Ṣùgbọ́n ibi tí inú Màmá ti dùn dé góńgó ni ìgbẹ̀yìn, níbi tí kòkòrò àìfojúrí ti pa àwọn ará Máàsì, nígbà tí ìbọn ńlá gbogbo ti kùnà. “Ibà!” Wọ́n lu itan. “Bí ibà ṣe pa òyìnbó níbí nìyẹn!” Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́: pó, pó, pó. Agogo ró.

Lálẹ́ tí òjò náà le jù, tí òrùlé ń ho, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo kí a tó gbọ́ ara wa, èmi ni ó kàn. N kò mú ìwé kankan. Mo sọ fún wọn pé òjò irú èyí náà ló bí Frankenstein. Ní oṣù kẹrin 1815, òkè Tambora bú gbàmù ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí, eruku àti èéfín rẹ̀ gun ojú sánmà lọ, ó sì dí oòrùn lójú. Ọdún kejì rẹ̀, sọ́mà kò dé Yúróòpù. Òtútù ni, òjò ni, irúgbìn kò jinná. Nínú oṣù kẹfà, àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà létí adágún Geneva: Byron akéwì, Polidori dókítà rẹ̀, Percy Shelley, Mary tó padà di ìyàwó Shelley, àti Claire àbúrò rẹ̀ tí ìyá ọ̀tọ̀ bàbá ọ̀tọ̀ bí. Òjò sé wọn mọ́lé. Wọ́n jókòó yí iná ká, wọ́n ń ka ìtàn iwin sókè fún ara wọn, títí Byron fi ní kí oníkálùkù lọ kọ tirẹ̀ wá. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni Frankenstein tí Mary kọ ti jáde ní 1818, ibẹ̀ náà ni ìtàn amùjẹ̀ ènìyàn tí Polidori kọ sì ti wá, èyí tó jáde ní 1819.

“Ọmọ ọdún mélòó ni Mary?” ni ọmọbìnrin náà bi mí.

“Méjìdínlógún.”

Ó ṣírò rẹ̀. “Ọdún márùn-ún péré ló fi jù mí lọ.” Ó ti ka Frankenstein tipẹ́. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti gbọ́ ọ kó tó di ìwé.

Àwọn alẹ́ tó tẹ̀ lé e ń sáré lọ. Ọmọkùnrin náà gba ìtàn Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu-ẹmu ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Arẹwà ọkùnrin tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tó ń dá wọn padà fún olówó wọn lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí, ni kò jẹ́ kó sùn. Àwọn ọmọ ojúlé kejì ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àlọ́ kí wọ́n tó gbọ́ pé ó wà nínú ìwé; ọjọ́ kejì ni wọ́n ń yá ara wọn ní etí àti imú káàkiri àgbàlá, wọ́n ń jà lórí owó èlé. Èmi pa Rosewater, ìwé tí Tádé Thompson kọ, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Lọ́dún 2066 ni ìtàn náà wáyé, ohun abàmì kan láti òde ayé sì ti fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó da nǹkan bo ara rẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, igbá náà á ṣí, ara aláìsàn tó bá wà nítòsí á yá. Ìlú ńlá wá hù yí i ká. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí kòtò ìdọ̀tí, òórùn ìlú náà kò ṣeé gbà mọ́ra, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Rosewater, omi òdòdó róòsì. Màmá ní, “A máa ń fi orúkọ burúkú pe àbíkú kó lè dúró tì wá. Àwọn yìí fi orúkọ rere pe ìlú burúkú kí àwọn lè dúró tì í.”

Nígbà tó kan Màmá, wọ́n kò wá ìwé. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn lóṣù kìn-ín-ní 1955, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ sì ti wà lórí wọn láti ìgbà náà. Ìwé 1938 ni. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an bá alẹ́ wa mu: bàbá arúgbó kan dé bá ẹnì kan níbi tó jókòó sí, ó ní kó mú gègé àti ìwé kó máa kọ ohun tí òun fẹ́ sọ, àwọn èèyàn sì ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń wá gbọ́. Màmá di Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìwé náà. Wọ́n di Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Ọmọkùnrin náà ń bá wọn ka ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sún mọ́ mi bó ṣe ń kà.

Alẹ́ kẹta la dé ọ̀dọ̀ Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn. Wọ́n pè é kí ó wá bá àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó. Ìyàwó rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kákò pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, kíá, kí ọ̀nà lè jìn.

“Ó pa á?” ni ọmọbìnrin náà wí.

“Ó pa á.”

“Nítorí pé ó ní kó má lọ?”

Màmá kò dáhùn. Ọmọ náà dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kò jáde wá.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi, torí ọ̀rọ̀ náà kò fúyẹ́. Lójú tèmi, kò tíì sí ẹni tó kọ Yorùbá bí Fágúnwà. Ọ̀rọ̀ ń jó lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ka ojú ewé yẹn, n kò mọ iye ìgbà, mo sì ń kọjá lára òkú obìnrin náà bí wọ́n ṣe kọjá lára rẹ̀, nítorí ohun tó wà níwájú dára, mo fẹ́ dé ibẹ̀. Ìwé tí a dá kà máa ń jẹ́ kí èèyàn kọjá báyìí. Ṣùgbọ́n Màmá ń wo ojú ọmọ náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́, iná àtùpà sì wà lójú ọmọ náà. Nígbà tí a kó abọ́ tán, Màmá sọ fún mi ní kọ̀ọ̀rọ̀ ilé ìdáná pé, “Ó ti ju ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró níbẹ̀ rí. Èmi náà kò dúró níbẹ̀ rí.”

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní, “Jáde wá. Ìwọ ni o máa pa á lálẹ́ yìí, láti ibi tó ti dùn ọ́.”

Ó jáde. Ó pẹ́ kí ó tó la ẹnu. Nínú tirẹ̀, obìnrin náà kò rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdẹ ni òun náà. Òru ló ti dìde, kí Kákò tó gbé kùmọ̀, ó ti mú ọ̀nà pọ̀n. Àwọn ọdẹ rìn títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà tí wọ́n yà sí kọ́nà àkọ́kọ́, wọ́n bá a tó jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn. Ó ní, “Ẹ ẹ̀ tètè dé. Mo ti rí ẹsẹ̀ nǹkan kan tó gba ibí yìí kọjá. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹranko.” Màmá fà síwájú lórí àga. Wọ́n bi í pé irú ẹsẹ̀ wo? Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó jìn wọlẹ̀, koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti jóná.

“Ààrò!” ni ọmọkùnrin náà fi igbe ta. A ò lè sùn.

Kò parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ará Máàsì wọ Igbó Irúnmalẹ̀, wọ́n pàdé Àgbákò, ìyàwó Kákò ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, òjò ń rọ̀ nínú ìtàn bó ṣe ń rọ̀ lóde. Níbi tí Yorùbá rẹ̀ ti tán, Màmá ń tì í lẹ́yìn. Níbi tí ti Màmá ti tán, tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀rọ, òun ń tì wọ́n. Àwọn ọmọ ojúlé kejì kún ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ìyá wọn náà wá, ó gbé àwùsá lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ mú wọn lọ sùn ni. Kò dìde títí agogo fi ró.

Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n padà, nítorí ilé-ìwé. Ọmọbìnrin náà fi ìwé mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún wa, ó sì gbé Ògbójú Ọdẹ tí mo fi ṣe tèmi láti ọjọ́ pípẹ́ lọ. Ìyàwó Kákò ṣì kù díẹ̀ kó dé Òkè Lángbòdó nígbà tí ọkọ̀ dé. Ọmọ náà ní òun á máa parí ìtàn náà lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ léra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ọjà dé, mo gbọ́ ohùn Màmá ní àgbàlá. Àwọn ọmọ ojúlé kejì ló yí wọn ká, ìyàwó Kákò ló sì wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú ìwé ni wọ́n ti rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè bíi ti kíláàsì, ó bèèrè bóyá ó padà dé orí òkè náà. Màmá dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú, wọ́n rí mi tí mo dúró tòun ti báàgì ọjà lọ́wọ́, wọ́n ní, “Bá mi pe ọmọ yẹn ná. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ mọ̀.”